Bí A Ṣe Ń Kọ Àlàyé Irinṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Tí Éjẹ́ǹtì AI Yóò Lè Lò

Éjẹ́ǹtì AI, ìyẹn ètò AI tó ń lo irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ fún ènìyàn, kì í sábà rí kóòdù irinṣẹ́ rẹ. Orúkọ irinṣẹ́, àlàyé rẹ̀ àti àkójọ ohun tó ń gbà ni ó ń rí. Bó ṣe rí nìyẹn nínú MCP (Model Context Protocol), ìlànà ìsopọ̀ AI mọ́ irinṣẹ́, èyí tí ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé jáde ní oṣù Kọkànlá 2024. Ohun tí o kò bá kọ síbẹ̀, éjẹ́ǹtì á méfò rẹ̀, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń méfò.

Ká mú irinṣẹ́ kan tó ń sọ iye owó oúnjẹ ní àwọn ọjà Èkìtì, láti Adó títí dé Ẹfọ̀n-Aláayè.

Orúkọ. Fi ohun tó ń ṣe sọ ọ́ lórúkọ: `wa_iye_oja` dára, `data2` kò dára. Má fi àmì ohùn sínú orúkọ náà, torí ọ̀pọ̀ ètò kì í gbà ju lẹ́tà a sí z, nọ́ńbà, `_` àti `-` lọ. Má jẹ́ kó ju lẹ́tà 64 lọ.

Àlàyé. Gbólóhùn kan kì í tó. Kọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó kéré tán: ohun tó ń ṣe, ìgbà tó yẹ kí a lò ó, ìgbà tí kò yẹ, àti ohun tó ń dá padà. Báyìí:

"Ó ń sọ iye owó tí wọ́n ta oúnjẹ kan ní ọjà kan ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọjọ́ kan. Lò ó nígbà tí oníbèéèrè bá dárúkọ oúnjẹ àti ọjà. Kò ní iye owó ọjà Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn, kò sì lè sọ iye tí ọjà yóò jẹ́ lọ́la. Náírà fún kóńgò kan ni ó ń dá padà."

Gbólóhùn kẹta yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun gan-an ni kò yẹ kí wọ́n fò. Láìsí i, ẹni tó bá béèrè iye owó gàrí ní Àkúrẹ́ lè gba ti Adó.

Ohun tí irinṣẹ́ ń gbà. Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ irú ohun tó jẹ́, bóyá dandan ni, òṣùwọ̀n rẹ̀, àti àpẹẹrẹ kan.

Owó: kọ bóyá náírà ni tàbí kọ́bọ̀. Bí irinṣẹ́ ìsanwó bá ń fẹ́ kọ́bọ̀, 500000 ni 5,000 náírà. Éjẹ́ǹtì tí kò mọ̀ á fi 5000 ránṣẹ́, 50 náírà péré ni oníbàárà á san.

Ọjọ́: béèrè fún `2025-04-03`. Bí o bá gba `03/04/2025`, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ni lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ni ní Amẹ́ríkà.

Orúkọ ìlú: "ẹ́" kò ní kóòdù ẹyọ kan nínú Unicode, àkójọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà; àmì tí a tò pọ̀ ni. Nítorí náà "Ìkẹ́rẹ́" méjì lè jọra lójú, kí kọ̀ǹpútà sì sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Yí gbogbo rẹ̀ sí NFC, ọ̀nà kan tí Unicode là sílẹ̀ láti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bákan náà nígbà gbogbo, kí o tó fi wọ́n wéra. Àmọ́ NFC kò lè tún èyí tí wọ́n fi ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì roboto kékeré ṣe. Ohun tó dájú jù ni pé kí o to àwọn ìlú sínú `enum`, ìyẹn àkójọ ohun tí irinṣẹ́ lè gbà nìkan, láìsí àmì: `ado`, `ikere`, `ijero`, `ikole`, `efon`. Kí o wá kọ orúkọ wọn gan-an, pẹ̀lú àmì, sínú àlàyé.

Bí nǹkan bá kùnà. "Error 400" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kọ: "Kò sí ọjà tó ń jẹ́ `akure`. Mú ọ̀kan nínú ado, ikere, ijero, ikole, efon." Éjẹ́ǹtì á tún un ṣe fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ fún ọjọ́ kan, má dá 0 padà láéláé, torí éjẹ́ǹtì á sọ fún oníbèéèrè pé ọ̀fẹ́ ni gàrí. Sọ pé kò sí, kí o sì dárúkọ ọjọ́ tó kẹ́yìn tí àkọsílẹ̀ wà.

Irinṣẹ́ tó ń san owó tàbí tó ń pa nǹkan rẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nínú àlàyé pé ohun tó bá ṣe kò ṣeé yí padà. Kí ó sọ pẹ̀lú bóyá pípè é lẹ́ẹ̀mejì yóò yọ owó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdánwò. Kọ bí ìbéèrè mẹ́wàá bí ènìyàn ṣe ń béèrè gan-an: "Èló ni kóńgò gàrí ní Ìkẹ́rẹ́ lánàá?" Fi díẹ̀ tí kò yẹ kí irinṣẹ́ náà dáhùn kún un. Ka àkọsílẹ̀ bí éjẹ́ǹtì ṣe pè é. Bó bá mú irinṣẹ́ mìíràn, orúkọ tàbí àlàyé ni kí o tún ṣe. Bó bá mú èyí tó yẹ ṣùgbọ́n tó fi ohun tí kò tọ́ sí i, àlàyé ohun tó ń gbà ni. Bó bá ń pe ohun kan náà léraléra lẹ́yìn tó ti kùnà, ọ̀rọ̀ àṣìṣe rẹ kò tíì sọ ohun tó yẹ kó ṣe. Tún gbogbo ìbéèrè náà bi í nígbàkígbà tí o bá fi irinṣẹ́ tuntun kún un, nítorí irinṣẹ́ méjì tí àlàyé wọn jọra máa ń gba iṣẹ́ ara wọn.