Bí àkọsílẹ̀ aráàlú bá bọ́ mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mí. Mo ṣèèṣì fi fáìlì tí orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti NIN àwọn àgbẹ̀ tó fẹ́ gba ajílẹ̀ wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp àwọn tí a jọ jáde iléèwé. Mo ti pa á rẹ́. Ǹjẹ́ ohunkóhun ṣì kù tí mo gbọ́dọ̀ ṣe?

Ìdáhùn: Ó kù púpọ̀, nítorí ẹni tó ti gbà á sórí fóònù rẹ̀ kí ẹ tó pa á rẹ́ ṣì ní in lọ́wọ́. Ẹni tó bá pe àgbẹ̀ kan, tó dárúkọ rẹ̀, tó sì ka NIN oní-nọ́ńbà 11 rẹ̀ fún un, òṣìṣẹ́ ìjọba ni àgbẹ̀ náà yóò pè é. Bí onítọ̀hún bá wá béèrè fún OTP, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí ẹlẹ́ẹ̀kan tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, àgbẹ̀ náà kò ní í jiyàn. Ẹ kọ àkókò tí ẹ fi ránṣẹ́, ohun tó wà nínú fáìlì náà àti iye ènìyàn tó kàn sílẹ̀, kí ẹ sì lọ bá ọ̀gá yín lónìí gan-an. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 fún iléeṣẹ́ ní wákàtí 72, láti ìgbà tó bá ti mọ̀, láti fi irú ìṣẹ̀lẹ̀ tó lè ṣe aráàlú ní jàǹbá bẹ́ẹ̀ tó Àjọ tó ń dáàbò bo dátà ní Nàìjíríà létí. Bí ewu náà bá sì ga, àwọn àgbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ láìfi falẹ̀. Mo mọ̀ pé query ni ẹ ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n fífi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ ló ń sọ àṣìṣe di ẹ̀sùn.

Ìbéèrè: Àwa mẹ́ta là ń lo password kan ṣoṣo.

Ìdáhùn: Orúkọ ẹni tó ni password náà ni kọ̀ǹpútà ń kọ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ì báà tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ̀wé béèrè tiyín, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Bí ẹ bá ń dìde, ẹ tẹ Windows àti L pa pọ̀ kí ojú kọ̀ǹpútà tì.

Ìbéèrè: Fọ́tòkọ́pì NIN ti kún ọ́fíìsì wa. Ṣé kí a tà á fún àwọn tó ń ra bébà?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwé ọ́fíìsì ni wọ́n sábà fi ń pọ́n ẹ̀pà lójú títì, tòun ti fọ́tò àti nọ́ńbà fóònù onífọ́ọ̀mù. Èyí tí àkókò títọ́jú rẹ̀ bá ti pé, kí ẹni méjì jọ dúró tì í tí a ó fi sun ún, kí wọ́n sì fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọ̀gá yín léèrè ìdí tí ẹ fi ń gba fọ́tòkọ́pì nígbà tó jẹ́ pé wíwo NIN náà lásán ti tó fún iṣẹ́ yín.