Bọ́gà Ẹ̀wà, Láti Oko Dé Orí Páànù: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Òṣogbo

Ẹni tó bá ti fi àkàrà gbígbóná sáàárín búrẹ́dì jẹ láàárọ̀ Sátidé ti jẹ ẹ̀gbọ́n bọ́gà tí kò lẹ́ran. Bọ́gà tí àwọn ọmọ wa máa ń bẹ̀bẹ̀ fún nílé oúnjẹ ìgbàlódé kò ju búrẹ́dì rìbìtì tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n wá fi ẹran lílọ̀ sí láàárín. Ẹ̀wà lè ṣe iṣẹ́ ẹran yẹn. Ṣùgbọ́n kí ìyá alákàrà má ṣe rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tán. Ẹ̀wà tí a kò sè la fi ń ṣe àkàrà, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì gbo ó kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ẹ̀wà sísè ni ti bọ́gà, a kò sì fẹ́ kó wú rárá. Ńṣe la fẹ́ kó ki, kí eyín rí nǹkan jẹ.

Bọ́gà tó bá túká nínú páànù, omi ló sábà máa ń fà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi dán an wò, ẹ̀wà ọ̀sán tó ṣẹ́kù ni mo lò, ó ti rọ̀ jù, omi sì wà lára rẹ̀. Kò tíì pẹ́ lórí iná tó fi di gbẹ̀gìrì. Àwọn ará ilé ro àmàlà sí i, wọn ò sì bá mi jà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ omi yìí ni a ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Ohun tí ẹ ó wá

Fún bọ́gà 6: ẹ̀wà sísè ife 3, gàrí kíkúnná ìdajì ife, alùbọ́sà kékeré 1, ata rodo 2, tàtàṣé ìdajì, irú ṣíbí ìjẹun 1, ẹ̀pà yíyan tí a gún ṣíbí 3, iyọ̀ níwọ̀nba. Ẹ̀wà olóyin dùn, àmọ́ ó máa ń tètè rọ̀. Ẹ̀wà funfun ni mo fẹ́ràn fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má fi kán-ún sè é. Kán-ún ń mú kó rọ̀ kíákíá lóòótọ́, rírọ̀ yẹn gan-an ni a kò sì fẹ́.

Ẹ̀pà wà níbẹ̀ nítorí ọ̀rá. Ẹran lílọ̀ ní ọ̀rá tirẹ̀ lára, ẹ̀wà kò ní tó bẹ́ẹ̀. Bọ́gà tí kò lọ́rá máa ń há lọ́fun. Ẹ̀gúsí yíyan náà dára bí ẹ̀pà bá lòdì sí ẹnì kan nínú ilé.

Irú ló ń rọ́pò ẹran lẹ́nu. Bí a bá dé irú mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 2 tàbí 3, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí a máa tú èròjà inú rẹ̀ palẹ̀, adùn tó ń jáde nínú rẹ̀ sì jọ ti omi ẹran. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra máàgì olówó ńlá nígbà tí irú wà lórí àtẹ l'Ọ́jà Ọba. Irú pẹ̀tẹ̀ dára ju irú wóró lọ níbí, torí pé ó máa ń wọ inú àpòpọ̀ dáadáa.

Bí a ṣe ń lé omi jáde

Ẹ sè ẹ̀wà títí yóò fi jiná, ṣùgbọ́n kí wóró rẹ̀ ṣì dá dúró. Ẹ dà á sínú asẹ́, kí ẹ sì tọ́jú díẹ̀ nínú omi rẹ̀. Ẹ wá tẹ́ ẹ sórí àtẹ fẹ̀ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bí òjò bá wà nílẹ̀ tí gbogbo nǹkan sì ń rin, ẹ dá a padà sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná tó rọra ń jó, kí ẹ máa rò ó títí èèpo rẹ̀ yóò fi máa sán. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́: bó bá fọ́ bí ìyẹ̀fun tí ìka yín kò sì rin, ó ti tó.

Alùbọ́sà àti tàtàṣé ní omi tiwọn tí wọ́n fi pamọ́. Ẹ gé wọn wẹ́wẹ́, kí ẹ yan wọ́n nínú páànù láìfi omi sí i, títí ariwo wọn yóò fi rọlẹ̀. Ẹ da irú àti ata lé wọn lórí fún ìṣẹ́jú 1 kí ẹ tó sọ̀ wọ́n.

Ẹ má lo bulẹ́ńdà. Bulẹ́ńdà yóò bẹ̀ yín fún omi, ẹ ó sì fún un. Odó ni kí ẹ lò, tàbí ìdí ife. Ẹ gún ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀wà náà kó lẹ̀ mọ́ra, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ ní wóró. Ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ wọ́n gàrí sí i ní gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ rẹ ẹ́. Gàrí ti jiná nínú agbada kó tó dé ọjà, ìdí nìyẹn tó fi ń fa omi mu láìsí iná, bí ẹ ṣe ń rí i tó ń wú nínú ife. Ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 20. Lẹ́yìn náà, ẹ mọ ẹyọ kan wò. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ fi gàrí kún un. Bí etí rẹ̀ bá ń sán, ẹ wọ́n ṣíbí kan nínú omi ẹ̀wà tí ẹ tọ́jú sí i.

Dídín

Ẹ fi òróró pa ọwọ́, ẹ mọ ọ́n kó nípọn tó ìka kan, kí ẹ tẹ etí rẹ̀ kó dán. Bí fìríìjì bá wà tí iná sì wà, ẹ gbé e sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Òróró díẹ̀ tó kan bo ìdí páànù ti tó. Bẹ́ẹ bá jù ú sínú òróró jíjìn bí àkàrà, yóò tú. Lórí iná tí kò pọ̀ jù tí kò sì kéré, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 4 sí 5, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kó tó sé èèpo nísàlẹ̀, kò ní fẹ́ kúrò lójú kan. Bó bá ti sé e, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yọ. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀wà inú rẹ̀ ti jiná tẹ́lẹ̀, èèpo àti ìgbóná nìkan la ń wá.

Ẹni tó ń jẹ ẹyin lè po ẹyin 1 mọ́ ọn, ìyẹn yóò dì í mú dáadáa, àmọ́ kó má pe é ní bọ́gà elewéko mọ́.

Ẹ má da èérí sóyà nù

Àwọn tó ń fi sóyà ṣe wàrà sábà máa ń kó èérí rẹ̀ fún adìẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ fún un nínú aṣọ títí omi kò fi ní í kán mọ́, kí ẹ yan án nínú agbada bí ẹni ń yan gàrí fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ fi ife 1 rẹ̀ rọ́pò ife 1 nínú ẹ̀wà. Nínú gíráàmù 100 sóyà gbígbẹ, ó tó gíráàmù 36 tó jẹ́ purotéènì, èròjà tó ń mú ara dàgbà. Ti ẹ̀wà tó bíi 24. Sóyà tí kò jiná ní ohun tí kì í jẹ́ kí inú lo purotéènì yẹn, iná ló sì ń pa á. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ lo odidi sóyà gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ mọ́jú, kó sì sè é títí yóò fi rọ̀ dénú.

Fún ẹ̀yin àgbẹ̀

Lọ́dún 1982, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gregory Sams gbé àpòpọ̀ gbígbẹ kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù tó pè ní VegeBurger, ìyẹn bọ́gà tí kò lẹ́ran. Nígbà tó di 2016, ilé iṣẹ́ Impossible Foods ní Amẹ́ríkà gbé tiwọn dé, èyí tó ń ṣomi pupa bí ẹran. Ohun tó mú un pupa bẹ́ẹ̀ wà nínú oko yín. Nígbà tí sóyà tàbí ẹ̀wà bá ń tanná, ẹ rọra wú ìdí kan, ẹ fi ọ̀bẹ la àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó wà lára gbòǹgbò rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n, kókó náà ń ṣiṣẹ́, ó ń fa nitrogen, èròjà tó ń bọ́ ewéko, láti inú afẹ́fẹ́ fún igi rẹ̀. Bó bá funfun tàbí tó ti di àwọ̀ ewé, kò ṣiṣẹ́. Irú ohun pupa inú kókó sóyà yẹn ni wọ́n ń lò l'Ámẹ́ríkà, àmọ́ ìwúkàrà ni wọ́n fi ń ṣe é níbẹ̀, wọn kì í wú gbòǹgbò. Kókó tó pọ́n kò fẹ́ kí ẹ da ajílẹ̀ yúríà púpọ̀ lé òun. Bẹ́ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀lẹ ni yóò dà.

Ní agbègbè wa, oṣù kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àwọn àlejò ọdún Ọ̀ṣun bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ni kí ẹ gbin ẹ̀wà, kó lè gbó nígbà tí òjò bá ń lọ. Ẹ sá a títí yóò fi dún kà lábẹ́ eyín. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ kó kún dẹ́nu, kí ẹ dé e pinpin, tàbí kí ẹ lo àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS. Kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ̀tapíàpíà sí ẹ̀wà. Nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Yúróòpù fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà lọ́dún 2015. Àwa tí a sì ń jẹ ẹ́ nílé ńkọ́?

Jíjẹ, títọ́jú àti títà

Búrẹ́dì Agége rọ̀ jù. Ẹ yan ojú rẹ̀ lórí páànù kó lè gba ata díndín dúró. Kábéèjì, tòmáàtì tútù àti kùkúńbà bá a mu. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ láàárín dùndún méjì ju búrẹ́dì lọ. Tòmáàtì tàbí ọsàn tí ẹ bá jẹ mọ́ ọn yóò jẹ́ kí ara rí irin inú ẹ̀wà lò; tíì tí ẹ bá mu tẹ̀ lé e yóò dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti pa ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà màlúù tì pátápátá gbọ́dọ̀ wá fítámì B12 níbòmíràn, nítorí kò sí nínú ẹ̀wà. Kó bá elétò ìlera sọ̀rọ̀.

Èyí tí ẹ kò tíì dín lè wọ inú fìrísà, ẹ fi ọ̀rá pín ọ̀kọ̀ọ̀kan níyà kí wọ́n má bàa lẹ̀ pọ̀. Bí iná bá lọ tí wọ́n sì yọ́, ẹ dín gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, ẹ má dá wọn padà sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tàbí àwọn òṣìṣẹ́, kó ka owó gáàsì, òróró àti ọ̀rá ìdìǹkan mọ́ iye owó rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sára ìdì ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ẹ̀pà wà nínú rẹ̀.