Bí Ilé Kan Nínú Ọgbà Yunifásítì Ṣe Lè Di Olùkọ́ Nípa Àyíká

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé tí a ó ti máa kọ́ni, tí a ó sì ti máa ṣèwádìí nípa ìtọ́jú àyíká sínú ọgbà yunifásítì yín, mítà tó ń ka iná mànàmáná ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí owó pánẹ́ẹ̀lì sólà tó jáde lápò. Ara ilé Adam Joseph Lewis Center, ilé ẹ̀kọ́ nípa àyíká ní Oberlin College, ìpínlẹ̀ Ohio lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni mo ti rí èyí kọ́. Ọdún 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ilé náà, òkìkí rẹ̀ sì kàn, ṣùgbọ́n olùkọ́ físíìsì kan níbẹ̀ wọn iná tó ń jẹ, ó sì rí i pé ó ju èyí tí wọ́n ń polongo lọ. Àríyànjiyàn ńlá ló dá sílẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn.

Ẹ ya mítà sọ́tọ̀ fún iná gílóòbù, fún ẹ̀rọ amúlétutù àti fún ẹ̀rọ tó ń fa omi, nítorí mítà kan ṣoṣo yóò sọ pé iná ń lọ, kò ní sọ ibi tó ń gbà lọ. Ẹ máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko, kí ẹ sì gbé e síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti máa rí i. Ní ọdún 2005, àwọn ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ Oberlin fi ọ̀sẹ̀ méjì díje lórí ẹni tí yóò dín iná kù jù, lílo iná sì fi ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀.

Ti omi ló gba sùúrù jù. Ní Oberlin, omi ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wọ táǹkì tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, yóò gba èyí tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, kí ó tó dé ilé onígíláàsì, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ara gbòǹgbò ewéko ti ń jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti sẹ́ láàárín òkúta wẹ́wẹ́, wọn a tan ìmọ́lẹ̀ ultraviolet (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí) sí i láti pa kòkòrò àrùn, wọn a sì dá a padà láti fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ (kò sí ẹni tó ń mu ún). Bí ẹ bá ṣe irú rẹ̀, ẹ fi ẹnu ẹ̀rọ sára táǹkì kọ̀ọ̀kan kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa bu omi lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Táǹkì tí a kò lè bu omi inú rẹ̀ wò kò yàtọ̀ sí sọkawéè.

Ẹ má ṣe da gbogbo rẹ̀ kọ o. Òtútù ni wọ́n ń bá jà ní Ohio, ìdí nìyẹn tí fèrèsé ńlá wọn fi kọjú sí gúúsù láti gba oòrùn. Ooru ni tiwa, òjìji la nílò.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà kọ̀ọ̀kan, ẹ kó àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́wọ́, kí ẹ ní kí wọ́n wá ibi tí iná ti ń ṣòfò jáde.