Ẹ má tíì ra koríko: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ilẹ̀ líle tí omi ń dúró sí

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti ń ṣú ní oṣù kẹta, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé á bẹ̀rẹ̀ sí í ra koríko ní àpò-àpò láti tẹ́ ẹ síwájú ilé. Kí òjò oṣù kẹfà tó rọ̀ tán, koríko ti pọ́n, ilẹ̀ ti ń rùn, wọ́n á wá máa pè mí pé kí n wá wo àìsàn tó ń ṣe é. Kò sí àìsàn kankan. Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ni kò gba omi, owó sì ti wọlẹ̀ kí n tó dé. Iṣẹ́ koríko ni mo fi ń jẹun ní Èkó àti Ìbàdàn, mi ò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú níbí. Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni mo fẹ́ sọ.

1. Ríra koríko láì mọ ibi tí omi ń gbà lọ. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà ní ibi méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ da omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kí ẹ tún da òmíràn, kí ẹ wá ki igi bọ̀ ọ́ láti mọ bó ṣe ń fà sí. Tí kò bá fà tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 láàárín wákàtí kan, ilẹ̀ yín ò gba omi nìyẹn, ẹ dá owó koríko dúró. Àmọ́ láti Lẹ́kì lọ sí Ájà, ẹ lè gbẹ́ ihò kí omi máa sun láti ìsàlẹ̀ wá bá yín. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Àbàtà ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀ kí wọ́n tó da yanrìn dí i, omi abẹ́ ilẹ̀ ò sì jìnnà sókè. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbẹ́ sọ́kàwèè síbẹ̀ kó lè fa omi ọgbà fẹ́ jẹ owó yín lásán, torí omi ti wà nínú sọ́kàwèè yẹn kí òjò tó rọ̀. Ẹ gbé ojú ilẹ̀ sókè ni, tàbí kí ẹ fi ibi tó rẹlẹ̀ jù sílẹ̀ fún ewéko tó fẹ́ràn omi.

2. Kíkọ ilẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Tó bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò já, ẹ lọ gbé ọkọ́ jókòó. Tó bá fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ yá. Amọ̀ tútù tí èèyàn bá ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ àti omi ń gbà nínú ẹ̀ ló ń dí.

3. Dída ilẹ̀ dúdú lé orí ilẹ̀ líle. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ nǹkan. Ẹ ro ohun tí ojú ilẹ̀ yẹn ti rí kí ẹ tó kó wọlé. Típà tó kó yanrìn wá gun orí ẹ̀. Èyí tó kó búlọ́ọ̀kù wá gun orí ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n po kọnkéré sí, ibẹ̀ ni wọ́n kó gíránáítì jọ sí, orí ẹ̀ ni àwọn bíríkìlà ń rìn lọ rìn bọ̀ títí ilé fi parí. Lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n tiẹ̀ ti kọ́kọ́ da ilẹ̀ pupa sí i, tí wọ́n fi katapílà tẹ̀ ẹ́ pinpin kí ọkọ̀ má baà rì. Ẹ gbé díígà sí i, á ta padà. Tí ilé bá wá parí, wọ́n á gbá pàǹtírí ojú ẹ̀, wọ́n á pe típà ilẹ̀ dúdú kan, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí.

Iṣẹ́ ò parí o! Tí òjò bá rọ̀, omi á wọ inú ilẹ̀ dúdú wéré, á dé ojú ilẹ̀ líle, á dúró síbẹ̀. Gbòǹgbò koríko ń mí bí ohun ẹlẹ́mìí gbogbo ṣe ń mí, afẹ́fẹ́ ò sì tó o nínú omi tí kò lọ, ló bá jẹrà. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá tún dé, ilẹ̀ dúdú fẹ́lẹ́ yẹn á gbẹ kíákíá, gbòǹgbò ò sì lè la ilẹ̀ líle já lọ wá omi nísàlẹ̀. Òjò pa á, ẹ̀ẹ̀rùn pa á, owó kan náà ni.

Màdáámù kan wà l'Ájà tí wọ́n ti gbowó yìí lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó pè mí. Koríko àkọ́kọ́ kú, àwọn tó ṣiṣẹ́ náà ò hú u, wọ́n da ilẹ̀ dúdú mìíràn lé e lórí, wọ́n tẹ́ koríko tuntun. Mo di etí koríko tuntun yẹn mú, mo ká a kúrò nílẹ̀ bí ẹni ká ẹní. Gbòǹgbò kan ò di ilẹ̀ mú. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ló gba gbogbo ibẹ̀. Mo ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀: ilẹ̀ dúdú nípọn tó ìka mẹ́rin, lẹ́yìn náà koríko àtijọ́ tó ti di ẹrẹ̀, lẹ́yìn náà ilẹ̀ dúdú ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ṣọ́bìrì ró gbàǹgbàn. A gbẹ́ ẹ kúrò, ilẹ̀ pupa ló wà níbẹ̀, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù wà nínú ẹ̀, àpò sìmẹ́ǹtì wà níbẹ̀, títí dórí kọnkéré tí wọ́n ṣan kúrò nínú mísà tó ti dì síbẹ̀. Màdáámù dúró tì mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ilẹ̀ tó dáa jù ni wọ́n rà fún mi.” Mo ní òótọ́ ni wọ́n sọ, màdáámù, ilẹ̀ yẹn dáa. Ibi tí wọ́n gbé e lé ni ò dáa. Ó dùn mí gan-an, torí iṣẹ́ tí kò ná wọn ju owó lébìrà lọ ni wọ́n sá fún.

Iṣẹ́ ọ̀hún rèé. Ẹ kó gbogbo pàǹtírí ìkọ́lé kúrò, ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Ẹ fi díígà tàbí fọ́ọ̀kì oko la ilẹ̀ líle náà, kó jìn tó 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ po díẹ̀ nínú ilẹ̀ tuntun mọ́ ọn kí ààlà má baà sí láàárín méjèèjì. Kí ẹ wá tẹ́ ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa sórí ẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ rò ó pọ̀ mọ́ sẹ̀ǹtímítà 15 tó wà lókè. Ọkọ́ lásán ò lè ṣe é. Òkè nìkan ni ọkọ́ ń hó, ìsàlẹ̀ á ṣì le gbagidi.

4. Yanrìn. Àwọn tí ilẹ̀ wọn jẹ́ amọ̀, pàápàá ní ìsàlẹ̀ odò n'Ìbàdàn, ni wọ́n máa ń sọ fún pé kí wọ́n da yanrìn ṣáàpù sí i kó lè tú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Èérún amọ̀ kéré gan-an sí ti yanrìn, ńṣe ló máa kó sáàárín yanrìn, á dí gbogbo àlàfo, tí oòrùn bá wá pa á tán, á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí yanrìn tó lè yí amọ̀ padà, ó gbọ́dọ̀ pọ̀ ju amọ̀ ọ̀hún fúnra ẹ̀ lọ, ta ló fẹ́ san owó típà ìyẹn? Ajílẹ̀ ló ń tú amọ̀. Ewé jíjẹrà, ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́ nílẹ̀: òun ni ekòló ń wá jẹ, ihò tí ekòló bá lu ni omi ń bá wọlẹ̀.

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ńkọ́? Rárá. Á jó gbòǹgbò.

Yíyí rólà tàbí dírọ́ọ̀mù olómi lórí ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kó lè “jókòó”: ẹ ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ rò pé tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, ó tán. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ gan-an ni omi ń dúró sí. Ó yẹ kó máa rẹlẹ̀ kúrò lára ilé, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Tí ọgbà bá gùn tó mítà 10, ìpẹ̀kun ẹ̀ á rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ ilé lọ ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20. Ẹ kan èèkàn méjì, ẹ fa okùn, ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì sí i. Kí ẹ sì wo íńtálọ́ọ̀kì. Wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì yí ká, tó á ga ju ilẹ̀ koríko lọ, tí gbogbo omi ojú ẹ̀ á wá máa ya wọ àárín. Páìpù omi òrùlé náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń dojú ẹ̀ kọ. Níbo ni wọ́n fẹ́ kí omi yẹn gbà?

Ti páìpù oníhò tí wọ́n ń rì sínú gíránáítì, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó bá níbi tó ń tú omi sí. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo gọ́tà àdúgbò. Ní ọ̀pọ̀ òpópónà l'Ékòó, wọ́n ti gbé ọ̀nà sókè tó bẹ́ẹ̀ tí gọ́tà fi ga ju inú ọgbà lọ, omi gọ́tà ló máa gba inú páìpù yín wọlé. Ẹ sì fi aṣọ tí omi ń gbà kọjá wé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹrẹ̀ á dí i.

Irú koríko náà ṣe pàtàkì. Carpet grass gbélẹ̀ tútù àti òjìji jù. Bahama fẹ́ oòrùn, kò fẹ́ kí omi dúró sí ìdí òun. Kò sí èyí tó gbé inú odò nínú àwọn méjèèjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ àsìkò. Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kí ẹ la ilẹ̀, nígbà tó gbẹ. Tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, ẹ máa wo ibi tó bá rì, ẹ dí i, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá tẹ́ koríko. Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ kankan gùn ún. Tí ìṣílé bá bọ́ sí àárín ìgbà yẹn, ẹ tètè bá ará àdúgbò sọ ọ́ kí àwọn àlejò yín lè rí ibi gbé mọ́tò sí níta, kí ẹ sì ti géètì.