Bí a ṣe ń lo ọ̀pá sítábíláísà fún ọkọ̀ tí imú rẹ̀ ń sá síta ní kọ́nà

Bí awakọ̀ bá yí sítíárín ní kọ́nà, ṣùgbọ́n tí imú ọkọ̀ ń sá síta dípò kí ó tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀, táyà iwájú ni kò di ilẹ̀ mú tó ti ẹ̀yìn mọ́. Ọ̀pá sítábíláísà lè dín àléébù yìí kù, ó sì lè dá kún un.

Irin tí a tẹ̀ bíi lẹ́tà U ni ọ̀pá náà, línkéèjì ni a sì fi so orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá gun gegele lẹ́ẹ̀kan náà, kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí ọ̀kan bá gòkè tí èkejì sọ̀ kalẹ̀ ni ó ń lọ́ bí aṣọ tí a ń fún. Àwọn kan gbà pé ọ̀pá líle ń dín ẹrù (ìyẹn ìwúwo tí táyà ń gbé) tí ó ń ṣí lọ sórí táyà ẹ̀gbẹ́ òde ní kọ́nà kù, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: ìwúwo ọkọ̀, gíga ibi tí ìwúwo náà pé sí, bí táyà ọ̀tún ṣe jìnnà sí ti òsì tó àti bí a ṣe sáré tó ni wọ́n ń pinnu iye ẹrù yẹn. Ọ̀pá kàn ń pín in láàárín iwájú àti ẹ̀yìn ni. Apá tí ọ̀pá rẹ̀ bá le jù ni ó ń gba ìpín tí ó pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni táyà tí a di ẹrù ìlọ́po méjì lé kì í di ilẹ̀ mú ní ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí ọ̀pá iwájú líle fi máa ń mú kí imú sá síta sí i, tí ti ẹ̀yìn sì ń dín in kù.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà, kí ẹ sì fi irin gígùn mi rọ́bà tí ó di ọ̀pá mú wò. Bí ó bá ń jó, tàbí tí línkéèjì ń dún kò-kò-kò lórí gegele kékeré, ẹ tún ìyẹn ṣe ná.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ má fojú kékeré wo mìlímítà méjì: bí irin 22 mm bá rọ́pò 20 mm tí ó rí bákan náà, tí inú méjèèjì kò sì ṣófo, líle rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Bí ọ̀pá bá ní ihò púpọ̀ ní etí, èyí tí ó súnmọ́ ibi tí irin ti tẹ̀ ni ó le jù. Ihò kan péré ni kí ẹ sún un, lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ sì dán an wò ní kọ́nà kan náà, pẹ̀lú eré kan náà, níbi tí kò sí ọkọ̀ mìíràn.

Ẹ má fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nígbà iṣẹ́, nítorí ọ̀pá yóò ti lọ́, bóòtù yóò sì máa bá yín jà. Orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí ìwúwo ọkọ̀ wà lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni kí ẹ ti fún nọ́ọ̀tì kẹ́yìn. Bí ìdí ọkọ̀ bá wá ń fẹ́ yọ̀ síta nígbà tí ẹ dín eré kù láàárín kọ́nà lójú ọ̀nà tí ó tutù, ẹ dá ihò kan padà.