Bí A Ṣe Ń Fi Ajá Sínú Fọ́tò Ẹbí

Kí ajá tó dé iwájú kámẹ́rà, ẹ ti mú un rìn dáadáa, kó tọ̀, kó yàgbẹ́, kí ara rẹ̀ rọ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun rẹ̀, ẹ nu ipin ojú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ yó o, torí ọ̀nà ọ̀fun la fẹ́ gbà mú un. Ẹran adìyẹ bíbọ̀ lèmi máa ń gé wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọdé, láìsí iyọ̀, láìsí àlùbọ́sà, torí májèlé ni àlùbọ́sà fún ajá.

Ibòji tó mọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ pa fláàṣì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú ajá á máa tàn wàì. Bó bá jẹ́ ajá dúdú, ẹ má fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ibi tó dúdú.

Ẹ to èèyàn tán kẹ́ ẹ tó mú ajá wọlé. Ẹni tí ajá mọ̀ jù ni kó jókòó tì í, kẹ́ni náà fi ẹsẹ̀ tẹ okùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ rèé. Bàbá á ní "Wo ibí!", ọmọ á pàtẹ́wọ́, ìyá á bẹ̀rẹ̀ kó lè yí ajá lọ́rùn, ẹni tó ń ya fọ́tò náà á tún máa súfèé. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Tí fọ́tò bá jáde, àárín orí gbogbo ilé lẹ máa rí, ajá á sì ti kọ̀yìn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa pe ajá. Ẹ̀yìn ayafọ́tò gan-an ni kó dúró sí, kó na ẹran sókè lẹ́ǹsì. Bó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ náà ni ajá máa wò. Kó má sì pariwo títí gbogbo yín á fi múra tán: ìró àkọ́kọ́ ló ń mú ajá na etí, tó bá ti di ìkẹwàá, kò ní dá yín lóhùn mọ́. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra ohun ìṣeré tó ń dún; ẹ rún náílọ́nù lọ́wọ́, ó tó. Ẹ̀yin yòókù, lẹ́ǹsì ni kẹ́ ẹ máa wò. Kódà bí ajá bá sùn sílẹ̀, ẹ má wolẹ̀, ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ.

Kí ayafọ́tò lóṣòó títí ojú rẹ̀ á fi ṣe déédéé pẹ̀lú ti ajá. Kó fi ìyára kámẹ́rà sí 1/500, ìyẹn ìdá kan nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣẹ́jú àáyá, tàbí kó fi fóònù máa yà á léraléra.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dì mọ́ ọn lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ajá ni kò fẹ́ ẹ. Bó bá ń yán láìsí oorun, tó ń lá ètè, tó ká ìrù bọ abẹ́ itan, ó ti sú u. Ẹ tú u sílẹ̀. Fọ́tò tí ajá wà nínú rẹ̀ lèmi máa ń kọ́kọ́ yà, kò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ.

Ẹ gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má sún un kúrò. Bí ajá bá dára nínú ọ̀kan, tí èèyàn dára nínú òmíràn, ẹ ó lè lẹ méjèèjì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì pa okùn ajá náà rẹ́.