PySide6 kọ̀ láti ṣí fèrèsé lórí Ubuntu: bí mo ṣe tún un ṣe

Ètò Python tí mo fi PySide6 (àkójọ kóòdù tó ń lo Qt láti ṣe fèrèsé) kọ máa ń kú kí fèrèsé tó yọ, á wá kọ ọ́ pé: Could not load the Qt platform plugin "xcb" in "" even though it was found.

Ẹ má wulẹ̀ tún PySide6 fi sórí kọ̀ǹpútà. Plugin xcb (apá Qt tó ń gbé fèrèsé jáde lórí Linux) wà níbẹ̀, ohun tó gbára lé ni kò sí. Láti Qt 6.5 ni xcb ti ń béèrè láìbúrárì libxcb-cursor0, pip (irinṣẹ́ tí a fi ń gbé àkójọ Python sórí kọ̀ǹpútà) kì í sì í gbé e wá.

Ẹ wọ fódà PySide6/Qt/plugins/platforms, kí ẹ tẹ àṣẹ yìí, tó ń fi láìbúrárì tí kò sí hàn:

ldd libqxcb.so | grep "not found"

Tí libxcb-cursor.so.0 bá jáde:

sudo apt install libxcb-cursor0

Tó bá jẹ́ cv2/qt/plugins ló wà láàárín àmì in "" yẹn, opencv-python (àkójọ Python fún iṣẹ́ àwòrán) ló ń dà á rú. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi opencv-python-headless rọ́pò rẹ̀, àyàfi tí ẹ bá nílò cv2.imshow (tó ń fi àwòrán hàn nínú fèrèsé), torí kò sí nínú headless.